Tíṣà Adéníran Fákọ̀yà, Olùkọ́ Ìtàn Nílùú Èrúwà (1909–1959)

Ilé Fákọ̀yà ní Igbó-Ọrà ni a ti bí olóògbé, Adéníran, ní nǹkan bí ọdún 1909. Bàbá rẹ̀, Fákọ̀yà, jẹ́ àgbẹ̀ paraku; ìyá rẹ̀, Àmọ̀kẹ́, ọmọ Lánlátẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ ṣeun, ẹ ò ní fi irú rẹ̀ gbà á.

Ní 1919, lẹ́yìn tí lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, ti pa àbúrò rẹ̀, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwé ìjọ. Fákọ̀yà fárígá, ó ní ta ni yóò bá òun kọ ebè? Ṣùgbọ́n ìwé ti wọ ọmọ náà lára. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1924, ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Ìbàdàn ní 1932, ó sì padà wálé wá ṣiṣẹ́. Ní 1936 ó fẹ́ Olúwayẹ́misí, ọmọ Èrúwà. Bí ìyàwó bá ní òjò ti rọ̀ lóko, olóògbé á ní ta ló rí i? Ọlọ́run nìkan ló mọ irú sùúrù tí obìnrin yẹn ní!

Nígbà tí ilé ìwé módà kan, tí àwọn tó parí ìwé mẹ́fà ń lọ, ṣí ní Èrúwà ní 1956, wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìtàn lé e lọ́wọ́. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú ìwé tí ó bá níbẹ̀ fọ́fọ́. Kò jù ú nù, ṣùgbọ́n ó fi ìtàn Nàìjíríà kún un. Nígbà tí wọ́n kà á pé ní 1914 ni ìjọba so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi àgbà ilé rẹ̀ ohun tí ó rántí nípa ìgbà náà. Kò sí àgbà kan tí ó gbúròó ìsopọ̀. Owó orí ni wọ́n rántí, àti lùkúlùkú tó dé lẹ́yìn náà. Inú olóògbé dùn ṣìnkìn. Ó ní ohun tí ìjọba ṣe ni ìwé mọ̀, ohun tí ojú ará ìlú rí ni àgbà mọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ìtàn kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló fi kọ́ wọn: Ta ló sọ ọ́? Ṣé ojú rẹ̀ ló ṣe? Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún un?

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ní 1957, ó ní kí wọ́n lọ wádìí bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe dé ìlú. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé a kì í tú orírun ẹnìkan ní gbangba. Ẹni tí ogun gbé wá, bí ó bá ti bímọ sínú ilé, ọmọ ilé ni, ẹni tó bá sì pè é lẹ́rú, ìjà ló ń wá. Olóògbé mọ èyí dáadáa. Ìfẹ́ ìtàn ló mú un gbàgbé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó sọ bí wọ́n ṣe mú ìyá ńlá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wọ ìlú. Olóògbé bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ náà sì dáhùn geerege. Ó yìn ín, ó ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Áà! Ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá ńlá rẹ̀ jókòó sáàárín wọn. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá mọ́.

A kò ní dárúkọ ọmọbìnrin náà, a kò sì ní dárúkọ ilé rẹ̀. Èyí tí a ṣe ti tó.

Bàbá ọmọbìnrin náà wá bá olóògbé nílé, kò pariwo rárá. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí gbogbo ilé bá wa bò mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ní kí àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ ò tilẹ̀ bi ara yín pé ta ló máa dùn?" Olóògbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá náà fà á dìde, ó ní òun ti gbà, ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú míràn.

Olóògbé gun kẹ̀kẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ léraléra. Ọmọ náà á kúnlẹ̀, á bu omi fún un, á ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè jókòó síbẹ̀ mọ́ ni." Láti ìgbà náà, ìbéèrè mẹ́rin ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ìkẹrin ni pé, Ta ni ọ̀rọ̀ náà yóò dùn? Ó ṣe alàgbà ìjọ, ó ṣáájú àwọn tó gbẹ́ kànga ọjà, àwọn ènìyàn ń kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nílé mọ̀ pé àbámọ̀ ò jẹ́ kí oorun kùn ún mọ́.

Ó dágbére fáyé ní oṣù Kejì ọdún 1959. Ó fi Olúwayẹ́misí ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, àti àwọn ọmọ, Ìyábọ̀, Oyèlàmí àti Àyọ̀ká, àti ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò.

Ọmọ òkú ló máa ń bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Lórí ibùsùn àìsàn, olóògbé pàṣẹ fún wa pé bí àwọn ọmọ òun bá ti bù ú tán, kí gbogbo ẹni tí òun kọ́ ní ìtàn tò wá bu tiwọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, àtẹni tó parí ìwé àtẹni tí kò parí, kí ẹnì kan ṣoṣo tí òun ń wá lè wá láàárín wọn láìsí ẹni tí yóò nàka sí i. Ìdílé ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wo ojú ara yín, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bi wá léèrè bóyá ó wá.

Bàbá Ìyábọ̀, ẹ sùn un re. Ọlọ́run yóò tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere.