Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Òṣùwọ̀n Ikosi àti Orúkọ Kàmọ́rù Shittu

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ayọ̀délé,
Ketu, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Igbe, ọdún 2006.

Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ètò Kọ̀ǹpútà,
Ilé-Iṣẹ́ Tòmátì Brandaal,
Ikoyi, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ FI Ẹ̀RỌ ÌTẸ̀WÉ WA SÍLẸ̀, KÍ Ẹ SÌ WẸ ORÚKỌ KÀMỌ́RÙ SHITTU MỌ́

Ọ̀gá Ládé Ọláìyá, lẹ́tà mi kẹta rèé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ méjì àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù ni ẹ fi dá mi lóhùn. Mo wá rò ó pé bóyá èdè ìyá yín á wọ̀ yín létí. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá le. Ohun tí ẹ ṣe sí wa náà kò rọ̀.

1. Èmi ni Rasheedat Ọlánípẹ̀kun, akọ̀wé òṣùwọ̀n ọkọ̀ ní àgọ́ ilé-iṣẹ́ wa ní Ikosi, lẹ́yìn Mile 12. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń wọn tòmátì tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè Ọya.

2. Ní oṣù Èrèlé, ẹ kọ̀wé pé ní gbogbo orílẹ̀-èdè mọ́kàndínlógún tí ilé-iṣẹ́ wa wà, kọ̀ǹpútà kan náà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà ni gbogbo ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ máa lò. Mi ò bá ohun tuntun jà. Kọ̀ǹpútà yẹn dára, mo sì ti mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín kò wá wo ohun tí à ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe kí ẹ tó ní ká kó o dànù. Nínú ìwé yín, ọ́fíìsì kékeré tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni ẹ pè wá. Ẹ ò kọ òṣùwọ̀n síbẹ̀ rárá.

3. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí ẹ ò béèrè. Abẹ́rẹ́ ni ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn fi ń gún lẹ́tà sára bébà. Bébà mẹ́ta ló ń gún lẹ́ẹ̀kan náà, kábọ́ọ̀nù wà láàárín wọn: ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún ẹni tó ni ẹrù, ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́. A kì í fà á ya àfi tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fọwọ́ dì í mú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń wọn ẹrù fún kò kàwé. Ẹ̀yìn bébà ni wọ́n máa ń fọwọ́ pa, tí ìka wọn bá sì ti kan ojú abẹ́rẹ́, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ̀rọ náà tún máa ń pariwo gan-an. Alábàárù kankan kì í tú okùn apẹ̀rẹ̀ tí ariwo yẹn kò bá tíì dákẹ́. Tó bá ti dákẹ́, wọ́n mọ̀ pé ìwọ̀n ti parí nìyẹn.

4. Ẹ̀rọ tuntun yín kì í dún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ bébà, á sì tún òṣùwọ̀n wò kó tó tẹ èyí tó kàn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà, Kàmọ́rù Shittu, awakọ̀ tó ti ń kó ẹrù wá fún wa láti ọdún mẹ́sàn-án, gun òṣùwọ̀n. Bébà tirẹ̀ jáde: kílò 8,460. Ti Alhaja Múdàṣírù tó ni ẹrù jáde: 8,460. Ìkẹta há. Níbi tí mo ti ń fà á yọ, àwọn alábàárù kò gbọ́ ariwo kankan, wọ́n rò pé a ti parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí bébà ilé-iṣẹ́ fi máa jáde, 8,210 ló wà lára rẹ̀. Mi ò gbójú sókè wo ọkọ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò sá fún un. Ọjọ́ náà ni mo kọ àlàyé ránṣẹ́ sí yín.

5. Ẹ ò ka àlàyé náà. Ẹ ní ẹ̀rọ tí gbogbo àgbáyé ń lò kì í ṣàṣìṣe. Ẹ ní Kàmọ́rù ló yí ìwé, pé òun àti Alhaja jọ lẹ̀dí àpò pọ̀. Ọlọ́pàá wá mú un lẹ́nu géètì wa lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì sùn sí àgọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n tú u sílẹ̀ nítorí wọn ò rí nǹkan kan dì mú. Síbẹ̀, ìwé tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ ṣì wà lára géètì títí dòní. Ibẹ̀ làwọn ọmọ rẹ̀ ń gbà lọ sílé ìwé. Inú bí mi, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

6. Lọ́jọ́ kejì tí ọlọ́pàá mú un, awakọ̀ mọ́kànlá kọ̀, wọn ò gun òṣùwọ̀n. Tòmátì ń rà lórí ọkọ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn wọ gọ́tà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí níbi tí ẹ kó àwọn ẹ̀rọ wa jọ sí de àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Owódé Onírin. Mo gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, mo nu eruku ara rẹ̀, mo so ó mọ́ òṣùwọ̀n padà. Àwọn awakọ̀ gbọ́ ariwo rẹ̀ láti títì, wọ́n tan ọkọ̀. Láti ìgbà náà mo ti wọn ọkọ̀ igba ó lé mọ́kànlá, kò sì sí ẹni tó bá ẹnìkan jiyàn.

7. Ìwé ẹ̀sùn ni ẹ fi san án fún mi ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, pé mo jí ohun ìní ilé-iṣẹ́. Ohun tí ẹ ti jù sí ààtàn ni mo jí. Ẹ ní kí n wá síwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́rú yìí, aago mẹ́wàá, mo sì ti gbọ́ pé ẹ ti tẹ ìwé ìdádúró mi sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá ni ẹ̀ ń pa.

8. Kì í ṣe ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ yọ orúkọ Kàmọ́rù kúrò lára géètì, kí ẹ sì fi ìwé tó ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ wa sílẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá ṣì wù yín láti lé mi, ẹ wá sí Ikosi kí ẹ lé mi lójú àwọn tí mo ń wọn ẹrù fún.

9. Ẹ̀rọ tí mo jí náà ni mo fi tẹ lẹ́tà yìí. Kò ní àmì ohùn. Bírò ni mo fi fi wọ́n sí i, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè dé bébà kẹta. Ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ yín yìí, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Kàmọ́rù, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Èmi àti Kàmọ́rù la dì í mú kí a tó fà á ya. Ọwọ́ kẹta, tiyín ló yẹ kó jẹ́, ẹ ò sì wá. Ẹ fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á débí.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tiyín títí di aago mẹ́wàá Ọjọ́rú,

Rasheedat Ọlánípẹ̀kun (Ìyáàfin)
Akọ̀wé Òṣùwọ̀n, Àgọ́ Ikosi.