Ibi Tí Bàbá Kíkẹ́ Ń Yà Sí

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Karùn-ún, 1984
Bàbá Kíkẹ́ tún pẹ́ dé. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ṣíwọ́ níbi tó ti ń tún katakata ìjọba ṣe. Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó wọlé. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tutù. Òjò ò sì rọ̀ ní Ṣakí láti ọjọ́ mélòó kan. Mo bi í. Ó ní omi katakata ló dà sí òun lára. Mo ní ó dáa. Kò dáa.

Ọjọ́rú, 9
Ó tún tutù.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Rédíò wá. (Ìyá Àpọ́nlé ni o, aládùúgbò wa. Kò sí ìròyìn tí kì í gbé.) Iyọ̀ ló kọ́kọ́ tọrọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá: "Ìyá Kíkẹ́, mi ò fẹ́ da ilé yín rú o. Ṣé Bàbá Kíkẹ́ ti padà sínú ìmàle ni? Wọ́n rí i pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, lásìkò tí ládàánì ń pèrun."
Mo rẹ́rìn-ín.
Ràmọ́nì ni wọ́n sọ ọ́ nílé wọn. Kó tó mọ̀ mí ló ti ṣèrìbọmi, ó sì jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè padà? Àbí kò kúrò níbẹ̀ rí?

Àbámẹ́ta, 12
Mo yẹ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wò. Bútà páànù kan wà nísàlẹ̀, lábẹ́ àkísà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òjé jó ẹnu rẹ̀ ni. Mo dá a padà bí mo ṣe bá a.

Ọjọ́ Ìsinmi, 13
Pásítọ̀ kéde orúkọ àwọn mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ fi jẹ díákónì. Bàbá Kíkẹ́ wà nínú wọn. Mo wo ojú rẹ̀. Kò wo tèmi.
Lọ́sàn-án mo fi kásẹ́ẹ̀tì Ohùn Ààrá sí i — ajíhìnrere Ìbàdàn yẹn, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọjà ń gbé ohùn rẹ̀ báyìí, tí wọ́n á sì tún fi jùjú tẹ̀lé e. Ó ń pariwo pé bí ìbátan rẹ kò bá gba Jésù, kí lo ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀? Bàbá Kíkẹ́ dìde, ó pa á. Ó ní bátìrì ń tán.
Ọjọ́bọ̀ ni mo ra bátìrì yẹn.

Ìṣẹ́gun, 15
Ó gbàdúrà kí a tó jẹun. Orúkọ Jésù kan náà. Ta ló ń fi ẹnu méjì gbàdúrà?

Ọjọ́bọ̀, 17
Mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.
Kò yà sí mọ́ṣáláṣí. Ó kọjá rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, ó tún já — obìnrin ni nígbà náà! Ó wọ agboolé wọn. Láti ìgbà tí mo ti dá ẹran Iléyá ìyá rẹ̀ padà, n kì í débẹ̀. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri.
Ìyá jókòó sórí àpótí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn wà lórí itan bí aṣọ tí ẹnìkan gbé kalẹ̀. Bàbá Kíkẹ́ lóṣòó níwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà, ó fọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó fọ ojú rẹ̀, ó fọ apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ń dà sí ṣòkòtò rẹ̀. Ètè Ìyá ń mì pẹ́pẹ́. Ti Bàbá Kíkẹ́ kò mì. Ó tẹ́ ẹní fún un tán, ó lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán títí Ìyá fi kírun tán.
Nígbà tó délé, mo sọ ohun tí mo rí. Kò bínú. Ó ní ẹ̀gbà ló mú ìyá òun, Ìyá kò fẹ́ kí ìyàwó ilé kankan rí òun bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí ọmọ òun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Àti pé ìwọ náà, o ní nǹkan rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé rẹ."


Àbámẹ́ta, 19
Àwọn àgbà ìjọ pè wá. Rédíò ti ṣiṣẹ́. Ọkọ mi sọ ohun tó ń ṣe fún ìyá rẹ̀ fún wọn. Bàbá Adétúnjí, olórí díákónì, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ bá wa dá a dúró ná, títí a ó fi gbé ọwọ́ lé yín lórí. Kí ẹlòmíràn máa ṣe é."
Bàbá Kíkẹ́ ní, "Ẹ̀yin bàbá, bí mo bá dá a dúró lónìí, ta ni yóò fọ ojú rẹ̀ lọ́la?"
Ẹnìkan wúkọ́. Wọ́n ní kí a sún tirẹ̀ síwájú. Gbogbo wa mọ ohun tí "síwájú" ń jẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, 20
Ẹni méjì ni wọ́n fi jẹ. Ọkọ mi kọrin ju gbogbo wọn lọ. Kíkẹ́ ní kí ló ń pa mí lẹ́kún.

Ọjọ́ Ajé, 21
Katakata bàjẹ́ ní Ìgànná. Ibẹ̀ ni Bàbá Kíkẹ́ yóò sùn. Kò bẹ̀ mí níṣẹ́ kankan, ó kàn pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ.
Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé gààrí ayédèrú wá bá lọ́jà.
"Tísà. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló rán ọ?" Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló fi pè mí.
"Rárá o, Ìyá. Omi ni mo wá bù fún yín."
"Kí o lè yí mi lọ́kàn padà?"
"Rárá, Ìyá."
Kò gbà mí gbọ́. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni mo fi ń wo ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Mo na ọwọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ òsì.
"Ọ̀tún la fi ń bẹ̀rẹ̀," ló wí.
Mo gbé ọ̀tún. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.
Ta ni yóò kọjá lẹ́nu ọ̀nà bí kò ṣe Rédíò. Ó dúró ṣinṣin. "Ìyá Kíkẹ́! Ṣé kò sí nǹkan?"
Mo ní kò sí nǹkan, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Mo bu omi lé ọwọ́ Ìyá, mo ń fọ̀ ọ́ lọ dé ọrùn ọwọ́.