Ibi Tí Mòdínà Ti Máa Kọ́ Iṣẹ́ Abẹ

Àdúgbò Àrẹ̀mọ, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹwàá, 1963

Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.

Alájì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló ránṣẹ́ pè mí. "Ìyàwó wa, wọ́n fún Mòdínà ọmọ rẹ tó jẹ́ dókítà níṣẹ́ lábúlé, pẹ̀lú ilé àti mọ́tò. Sọ fún un kó gbà á."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ilé ìwòsàn ńlá ni Mòdínà ń lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀gá tó ń yan àwọn tó máa kọ́ iṣẹ́ abẹ ọkàn nílùú òyìnbó wà. Ṣé ẹni tí kò rí rí ló máa yàn?"

"Bí kò bá yàn án ńkọ́? Kò ní sí mọ́tò, kò ní sí ọkọ!"

Mo ti ro ìyẹn náà. Ṣebí èmi náà gbálẹ̀ títí fún ìyá aránṣọ Mápó kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ? Ibẹ̀ làwọn oníbàárà ńlá ti rí ọwọ́ mi.

Alájì ní àfi tí mo bá gbà kí n tó dìde. Ìyàwó ilé kì í sì í dá dìde níwájú àgbà. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí.

Ni ládánì bá pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo dìde, mo gbọn ìró mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tó jù wá lọ ló ní kí n dìde."

Wọ́n kàn nawọ́ mú búta àlùwàlá wọn ni.

Lórí ìrun, ilé ìwòsàn ńlá ni mo dárúkọ fún Ọlọ́run.