Orúkọ Ọmọ Mi Wà Lọ́wọ́ Yín, Màmá

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Springdale ní Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo kúnlẹ̀ sí tí ẹ kò sì rí mi. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Wálé àti ìyàwó wọn. Ẹ bá mi kí Àǹtí Dúpẹ́, kí wọ́n má bínú pé n kò kọ̀wé láti ìgbà yìí wá. Kúnlé ọkọ mi ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo ní kí ó wá dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ilẹ̀ tutù. Yìnyín ti bo gbogbo àdúgbò, ìbọ̀sẹ̀ méjì ló ń wọ̀ sùn.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ Yorùbá agbègbè wa, kí n tó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má pè é ní àfojúdi. Bí mo bá ti mẹ́nu ba ọmọ náà lórí fóònù, ẹ ó ní ẹ kò gbọ́ mi dáadáa, ẹ ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn obìnrin sì wà nínú ìjọ wa tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín kiri. Mo fẹ́ kí àwọn náà kà á.

Oṣù kẹrin ọdún tó kọjá ni mo bí ọmọkùnrin, ọjọ́ karùn-ún ló dákẹ́. Ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀yin ì bá fi fóònù sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Ẹ ti kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ béèrè ṣáájú, àfi tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Àwọn àgbà ìjọ ló lọ sin ín. Èmi àti Kúnlé jókòó sílé, nítorí ẹ ní òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Ẹ wá ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń ṣe àmín, mo ń ṣe àmín, títí ọ̀rọ̀ náà fi ń bí mi nínú.

Kúnlé padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní Landover, èmi náà padà sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí a bá délé, oúnjẹ á tutù láàárín wa. Ilẹ̀kùn ìyàrá ọmọ wà ní títì, a ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ kọjá níwájú rẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ Kúnlé ló sọ fún un pé òun àti ìyàwó òun gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n rìn káàkiri ilẹ̀ Thailand. Bí àwa náà ṣe lọ nìyẹn ní oṣù kọkànlá. Mo gbọ́ pé ẹ sọ fún Àǹtí Dúpẹ́ pé àwa tí a ní mọ́tò la wá gbé ẹrù rù bí alárìnkiri. Ẹ rò pé fàájì la lọ ṣe. Ìyàrá ọmọ yẹn la sá fún.

Ìlú kékeré kan létí odò la dé sí, ìlú náà kì í sinmi. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ tí wọ́n ń tà á, alùpùpù ń sáré láàárín ẹsẹ̀ ènìyàn, àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé mi láti fọwọ́ kan irun dídì mi. Ata wọn ńkọ́! Kúnlé tó máa ń fọ́nnu pé ọmọ Ìbàdàn kì í bẹ̀rù ata, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Láti oṣù kẹrin, ìyẹn ni àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, okùn àpò mi já. Kúnlé fẹ́ gbé méjèèjì, mo kọ̀. Òjá tí ẹ fi ránṣẹ́ fún ìkómọ wà nísàlẹ̀ àpò náà. N kò sọ fún un pé mo gbé e dání. Mo gbé àpò pọ̀n, mo fi ìró bò ó, mo gba òjá náà mọ́ ọn bí ẹ ṣe kọ́ mi, a sì wọ ọjà. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ pé n kò ro nǹkan kan.

Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja rí mi, ojú wọn tàn, wọ́n yí mi ká. Ìyá àgbàlagbà kan gba ẹ̀yìn mi, ó fi ìka kan ká etí ìró náà sókè díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń ṣe kí ọmọ tó ń sùn má baà jí. Àpò ló rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Màmá, mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ẹja, mo sun ẹkún tí n kò sun ní Maryland. Kúnlé jókòó tì mí, òun náà bú sẹ́kún.

Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ọdún wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ọkọ̀ kékeré, wọn a gbé àbẹ́là sínú rẹ̀, wọn a sì tì í sójú odò. Opó tó ni ilé tí a wọ̀ sí ṣe ọ̀kan fún wa. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó ní orúkọ ọkọ òun tó kú ni òun máa ń pè sí ti òun, ó wá bi wá ní orúkọ ọmọ wa. Ohun tí ilé ìwòsàn kọ sínú ìwé ni Kúnlé sọ nígbẹ̀yìn: ọmọkùnrin, àti orúkọ ìdílé rẹ̀. Obìnrin náà ṣì ń dúró, ó rò pé a kò tíì sọ tán. A tì í sójú omi bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí n kò fi mọ èwo ni tiwa mọ́ láàárín àwọn yòókù.

Nígbà tí a padà dé Maryland, a ní kí àwọn àgbà ìjọ mú wa lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. Ẹ dárí jì mí, mo mọ̀ pé mo ti rú òfin yín. Bébà kan tí wọ́n fi ike bò ló wà níbẹ̀, ohun kan náà ló wà lára rẹ̀, ọmọkùnrin. Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì ní bí yìnyín bá ti yọ́, òun á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a mú orúkọ wá. Kúnlé ní kí a sọ ọ́ fúnra wa. Mo ní rárá, ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ sọ ọmọ mi lórúkọ.

Ẹ má sọ pé kò ní orúkọ. Àǹtí Dúpẹ́ ní ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì yín, nísàlẹ̀ orúkọ àwa ọmọ yín, pé ẹ máa ń fọwọ́ bò ó bí ẹnikẹ́ni bá wọlé. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń sunkún. Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣòfò.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ojú yín kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹ kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Agbè ò fọ́, Màmá, mo ti gbà. Ẹ ṣáà sọ orúkọ omi tó dànù fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdùkẹ́,
Ìyá ẹni tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀.