Olójú-Àwo Inú Kànga Wa

Òkè-Àdó, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 1964.

Ọláníkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lérò pé ara yín le bí tèmi ṣe le. Ìwé kejì péré ni mo kà, àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. N kò bẹ akọ̀wé kankan.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní láti ìgbà tí Àpínkẹ́ ti ti ọ̀dọ̀ mi dé ló ti ń jí sunkún pé Olójú-Àwo ń bọ̀, àti pé kò ní í wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi mọ́. O ní tíṣà ni ọ́, o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi iwin dẹ́rù ba ọmọ rẹ.

Ó dùn mí. Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayùn kan ṣoṣo, tí mo wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn akọ̀wé ń háyà, ṣé ọmọ tí mo bí ni yóò máa kọ́ mi lọ́gbọ́n? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ọ rí.

Ìyá mi ló ni Olójú-Àwo. Ó ní inú kànga ló ń gbé, ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ó sì máa ń fa ọmọ tó bá yọjú wò ó wọlé. Gbogbo wa á máa gbọ̀n, síbẹ̀ a ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn géńdé tó ń lọ wo sinimá abàmì ní Dùgbẹ̀ lónìí: wọn á pariwo, wọn á tún padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo là, mo ní irọ́ ni. Olúṣẹ̀yẹ ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, ẹ̀yìn ìyá rẹ ni ìwọ wà. Ìyá mi ní, "Àjàgbé, jẹ́ kó máa bẹ̀rù rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọmọ dúró létí kànga tí èmi fúnra mi gbẹ́, mo ní, "Wò ó, omi lásán ni. Ọmọ Àjàgbé kì í bẹ̀rù." Inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló padà lọ wò ó.

Ibà kọ́ ló pa á, Ọláníkẹ́. Nítorí mi ni wọ́n ṣe ń sọ pé ibà ni.

Ìyá mi kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n kò pa àlọ́ mọ́ títí ó fi kú. Èmi ni mo wá ń pa á.

Mo ti fi irin dé kànga, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Síbẹ̀ n kò lè sọ fún ọmọ kankan mọ́ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, èmi tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni: jẹ́ kí Àpínkẹ́ wá.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ rẹ sí fún ọ. Ohun tí ojú mi rí, ojú rẹ kò ní í rí i.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Àjàgbé Oníṣẹ́-Pákó.

Mo tún rántí: Kí Àpínkẹ́ tó lọ, ó bi mí bóyá Olójú-Àwo ní ìyá. Sọ fún un pé ó ní. Ìyá mi ni.