Ẹ̀rọ Ń Ké, Bàbá Sàlíù Ń Pa Á Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́bọ̀, Bouaké

Inú ń bí mi débi pé mo lè fi orí wó ògiri!

Yàrá tútù tí màmá mi ń kó ẹja sí bàjẹ́ láàárọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ yàrá náà, tó wà níwájú Bàbá Sàlíù, ọlọ́dẹ ilé ìtajà wa, kọ "panne" sójú, ìyẹn ni pé nǹkan ti bàjẹ́, ó sì ké títí ará ìlú Botro lọ́hùn-ún fi gbọ́. Bàbá kàn ń tẹ bọ́tìnnì pa á lẹ́nu mọ́, kó lè gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rédíò.

Ẹja rà. Bàbá Sàlíù ní èmi ni mo fọwọ́ ba ẹ̀rọ jẹ́.

Mo pariwo: "Irọ́ gbuu!"

Màmá mi yarí: "Àgbà lò ń pè ní òpùrọ́? Dọ̀bálẹ̀!"

Mo ṣì wà nílẹ̀ tí ẹ̀rọ tún ké. Kíá, ọwọ́ bàbá ti wà lórí bọ́tìnnì.

Màmá mi wò ó. "Dìde, ọmọ mi. Bàbá Sàlíù, ẹ̀yin ló kàn."