Ìbéèrè Tí Mo Bi Pásítọ̀ Ní Kọ̀rọ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo Ìlá ló mọ̀ mí. Ìwé kejì ni mo kà dé, òwò pákó ni mo sì fi kọ́ ilé mẹ́ta.

Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, mo bi pásítọ̀ wa ní kọ̀rọ̀ pé, "Gbogbo ààwẹ̀ tí a gbà, ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ ni?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dórí pẹpẹ, ó ní, "Bàbá kan wà níbí tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń jò." Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Èmi tí mo kan òrùlé tó wà lórí wọn!

Mo ṣì ń lọ, iwájú náà ni mo ń jókòó sí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ẹni tó béèrè ti di aláìgbàgbọ́ ni? Bí pásítọ̀ bá sì ń gbọ́ rédíò, ẹ bá mi bi í: ìdáhùn mi dà?